Kúbùsù Sàráà fún Àwọn Ará Nọ́wè

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní àdúgbò Ghulail, ní Jẹ́dà. Òórùn ẹja díndín kún gbogbo ibẹ̀, tùràrí tó fẹ́ fi lé e jáde sì ń bá a jà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe mí. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí inú mi bá dùn jù, nǹkan náà lè bàjẹ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ kékeré kan láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Nọ́wè ló gbà mí síṣẹ́ fún ọdún kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ilé onígi àtijọ́ wọn. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì tíì rí iṣẹ́ kankan tó ní ìtàn nínú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, Àlàájà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ni ìyá mi. Bí kò bá fọwọ́ sí i, n kò lè lọ. Kì í ṣe pé yóò dè mí mọ́lẹ̀ o. Èmi gan-an ni n kò ní lè sùn.

Mo fi àwòrán ilé tí n óò máa gbé hàn án. Ilé onígi dúdú ni, òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, koríko tútù sì bo gbogbo òrùlé rẹ̀. Ewúrẹ́ funfun kan dúró lórí koríko náà, ó ń jẹun.

Àlàájà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ilé ta ni koríko hù lé lórí báyìí? Ṣé àwọn onílé ti kú tán ni?"

"Rárá, Àlàájà. Àwọn fúnra wọn ló ṣe é. Wọ́n á tẹ́ èèpo igi sórí òrùlé, wọ́n á wá kó ilẹ̀ oníkoríko lé e, kí òtútù má bàa wọlé."

"Àti ewúrẹ́ yẹn, òun náà ń lé òtútù ni?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, yọjú wo fóònù. "Wallah, ahla min beitana!" ni ó wí, pé ó dára ju ilé tiwa lọ. Ìyá rẹ̀ lé e jáde. Níbi tí a ti wá, gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pe ilé tí koríko hù lórí rẹ̀: ahoro ni, ilé tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́.

"Mo máa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Mẹ́kà ná," ni Àlàájà wí.

Mo rò pé àdúrà nìkan ló fẹ́ lọ ṣe. Àṣé ó ti ròyìn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí a tó dé. Nígbà tí a wọ ilé ọ̀kan nínú wọn, ìyá àgbà kan tó ń ránṣọ ní àdúgbò Kudai ní Mẹ́kà, àwọn yòókù ti pé síbẹ̀, kúbùsù sì ti ga dé fèrèsé. Páálí dàbínù wà níbẹ̀, àti súwẹ́tà kan tí n kò mọ bó ṣe dé inú ooru Mẹ́kà.

"Sàráà fún àwọn aláìní orí òkè ni," ni ìyá aránṣọ wí.

Ojú tì mí, ó sì tún ń dùn mí pé ojú ń tì mí, nítorí inú rere ni wọ́n fi ṣe é. "Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe aláìní. Olówó ni wọ́n."

"Olówó! Olówó tí ewúrẹ́ ń jẹ òrùlé rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi di ògiri mú. Mo gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo ní àwọn òkè ibẹ̀ ga débi pé nígbà òtútù, oòrùn kì í dé àwọn ibì kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fi kúbùsù kan kún un.

Mo wá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin àtijọ́ wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á da màlúù àti ewúrẹ́ lọ sórí òkè, wọ́n á máa gbé inú ahéré níbẹ̀, wọ́n á máa fún wàrà, wọ́n á sì máa se omi rẹ̀ lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò pupa.

"Wàrà tó jóná nìyẹn," ni ìyá aránṣọ wí.

Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọbìnrin nìkan? Ta ní ń gbọ́ tiwọn?"

"Wọ́n ní igbe kan tí wọ́n fi ń pe ẹran, tí wọ́n sì fi ń pe ara wọn láti òkè kan dé èkejì."

"Pè é ká gbọ́."

Mo ti fi fóònù kọ́ ọ. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé, mo sì pè é, ohùn mi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gbọ̀n. Ọkùnrin ará Yẹ́mẹ̀n tó ń ta ọjà nísàlẹ̀ dáhùn kíá: "Na'am, yā ukhti!" ìyẹn ni, bẹ́ẹ̀ ni, arábìnrin mi; ó sì bi mí ní ohun tí mo fẹ́ rà.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlàájà nìkan ló ń wò mí. "Èyí dáhùn," ni ó wí. "Bí o bá pè níbẹ̀, ta ni yóò dáhùn?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe àwọn ará Nọ́wè ni Àlàájà ń ṣàánú láti ọjọ́ yìí. Èmi ni. Nínú ọkàn rẹ̀, mo ti wà nínú ahoro yẹn, èmi nìkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a kírun Àsùbáà ní Mọ́sálásí Háráámù. Bí a ṣe ń jáde, ó ní kí n tún fi àwòrán náà han òun. Ó wò ó pẹ́.

"Ewúrẹ́ yìí sanra," ni ó wí. "Ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni yẹn ni mo bẹ Ọlọ́run fún, kí ó máa wà nílé nígbà tí o bá pè. Máa lọ. Òun ni kí o kó kúbùsù náà fún."

Bí mo ṣe rí ìyọ̀ǹda gbà nìyẹn, mo sì sunkún níwájú àwọn tó ń kọjá. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wo àwòrán yẹn, n kì í rí òrùlé mọ́; ẹni tí kò sí nínú àwòrán ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n kúbùsù wà nílẹ̀ o, bàálù kò sì ní gba gbogbo rẹ̀. Àlàájà ní kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni n óò ṣe kan ilẹ̀kùn olówó orí òkè kan, kí n béèrè bóyá òun ló ni ewúrẹ́, kí n sì sọ fún un pé àwọn obìnrin Kudai ṣe sàráà fún un?