Ẹ̀rí Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Aránṣọ Jẹ́

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí o bá bá a nídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ, ẹnu rẹ̀ náà á máa lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oníbàárà tó kọ̀ tí kò wá gba aṣọ ló ń bú.

Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, oògùn tí dókítà fún un ló sì ń gbé e dìde. Nínú ìjọ wọn, wọn kì í dúró kí ìwòsàn dé kí wọ́n tó jẹ́rìí. Wọ́n ní ẹni tó bá nígbàgbọ́ á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, ìwòsàn á wá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe kó oògùn ọkọ rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ní Ọlọ́run ti wò ó sàn. Pásítọ̀ gbé páálí oògùn náà sókè, àtẹ́wọ́ sọ, ìlù dún. Ọkọ rẹ̀ náà jó, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ta ló fẹ́ padà lọ ra oògùn lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti bá a jó? Mo sọ ọ́, wọ́n ní aláìgbàgbọ́ ni mí.

Ìdí ògiri tó ń mọ lọ́wọ́ ni ọkọ rẹ̀ ṣubú sí. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Pásítọ̀ wá kí wa. Ó jókòó sórí àga tó dára jù ní pálọ̀, ó ń mu omi tútù wa, ó wá ní ìgbàgbọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kù díẹ̀ káàtó. Inú bí mi débi pé mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mu ún tán.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó ki Bíbélì rẹ̀ bọ abẹ́ àjákù aṣọ, ó ní, "Kò sẹ́nì kankan lókè. Àwa là ń dá sọ̀rọ̀." Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò gbàdúrà sí oúnjẹ mọ́. Àmọ́ bí òwú bá já, á gbójú sókè: "Ṣé inú rẹ dùn báyìí? Kí ni mo fi ṣe ọ́ gan-an?"

Lọ́jọ́ kan, ó sú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní kò sẹ́nì kankan lókè. Ta wá lẹ ń bú látàárọ̀?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i. Gbogbo ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló sun lọ́jọ́ náà. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Mò ń bínú sí i. Èèyàn kì í bínú báyìí sí ẹni tí kò sí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n sin òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò mi ni pé ó fẹ́ lọ bá pásítọ̀ fà á, inú mi sì dùn sí i. Nígbà tí àsìkò ẹ̀rí tó, onídìrí kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà jáde, oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n mi ti dé iwájú, ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Àbúrò mi, dá a padà sínú báàgì rẹ. Èmi náà gbé ti ọkọ mi wá síbí. Mo ní ó ti sàn, kò sì tíì sàn. Ọlọ́run kọ́ ló rán mi ní irọ́ yẹn."

Pásítọ̀ sún mọ́ ọn. "Arábìnrin, iyèméjì ló ń bá yín jà."

"Ó bá mi jà lóòótọ́, sà. A ti jà á tán. Mo gba Ọlọ́run gbọ́."

Onídìrí wo pásítọ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì kó oògùn náà lé pásítọ̀ lọ́wọ́. Ni àtẹ́wọ́ bá sọ.

Mo sáré lọ fa ẹ̀gbọ́n mi láṣọ pé ká máa lọ sílé, kí wọ́n máa ṣe wèrè wọn lọ. Kò tiẹ̀ wò mí. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn tó ń jó, ó sì gbàdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti di opó: "Olúwa, èmi àti ìwọ ò tíì parí ìjà. Àmọ́ obìnrin yìí, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí tiẹ̀ rí bíi tèmi."