Ọtí Tí Wọ́n Ní Mo Pọn Sẹ́yìnkùlé

Wọ́n pè mí ní apọntí lónìí, nítorí èso tó jẹrà!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rẹ ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti bàjẹ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo bu ṣúgà sí i, mo fi ọmọrí dé e. Ajílẹ̀ ata mi ni.

Láàárọ̀ yìí, Alhaja, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi tí a jọ ń gbé agboolé n'Ísàlẹ̀ Èkó, ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyàwó, ọtí lò ń pọn nílé mùsùlùmí?"

"Ajílẹ̀ ni o, Alhaja."

"Asitagafurulahi! Má dà á sí gọ́tà o. Fi sílẹ̀, màá bá ẹ dà á nù."

Ara fu mí. Ìgbà wo ni Alhaja bá èèyàn da ìdọ̀tí nù rí?

Nígbà tí mo fi máa tọjà dé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣófo. Ìdí ata tí Alhaja náà gbìn síwájú fèrèsé wọn wá tutù rinrin, eṣinṣin ń yí i ká, ó ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó.

Mi ò tíì lanu tí wọ́n fi yọjú lójú fèrèsé:

"Ìyàwó, nǹkan yẹn, ṣé wọ́n máa ń bu omi là á ni?"

Tí wọn ò bá bu omi là á, ó máa jó ewé ata ni o.

Ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n dá wọn lóhùn, àbí kí n jẹ́ kí ata Alhaja mutí yó?