Àdúrà Tó Dá Ọmọ Mi Dúró Lábẹ́ Òkè Yìnyín

Ẹni tó bá ní òun mọ yìnyín, kó ṣí fìlà fún mi. Lọ́dún tí mo dé Atlanta, yìnyín bọ́ ní Clarkston tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí mò ń gbé, ó mù mí dé àyà. Ńṣe ni mo lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ní irọ́ ni, pé yìnyín Atlanta kì í ju iyọ̀ orí ẹyin lọ. Ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín, kí ló mọ̀?

Òun náà ló bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ sí Colorado. Wọ́n fẹ́ de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, kí wọ́n máa yọ̀ wálẹ̀ látorí òkè yìnyín. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi sá fún ọ̀nà ẹrẹ̀ tó ń yọ̀, ọmọ mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wá èyí tó yọ̀ jù ú lọ!

Láàárọ̀ Sátidé, mo pè é. Nílé mi, ọmọ kì í gbéra ìrìn kó má gba àdúrà lẹ́nu mi.

"Dádì, please, ẹ jẹ́ kó kúrú. Wọ́n ń dúró dè mí. Yìnyín tuntun bọ́ mọ́jú, kò tíì lẹ̀ mọ́ ti abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó lè ya lulẹ̀ látòkè nígbàkigbà. A fẹ́ tètè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá."

"Kí ló lè ya? Kúnlẹ̀!"

"Nínú yìnyín, Dádì?"

"Ṣé yìnyín ló bí ẹ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Ábúráhámù. Mo gbàdúrà fún orúnkún rẹ̀, fún pákó, fún ẹni tó gé pákó. Ó ń sáré pariwo "Àmín, Dádì! Àmín o, ó tó!" bí ẹni ń lé adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo tọ́ ni. Kò lè gé fóònù mọ́ bàbá lẹ́nu láàárín àdúrà. Àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan àwọn ọmọ tí kò tíì bí ni mo gbọ́ ariwo bí ìgbà tí tírélà ń da òkúta sílẹ̀. Fóònù kú.

Mo pè, mo pè, kò wọlé. Ẹnu mi tó gùn bí ọ̀nà oko, n kò rí ẹyọ àdúrà kan nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀wà tí mo gbé kaná ti ń jó kó tó pè padà.

"Dádì, ó ti ya o! Igi gan-an ò sí mọ́ lọ́nà tá a fẹ́ gbà."

"Ìwọ ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ?"

"Gbogbo wa wà níbi tẹ́ ẹ dá wa dúró sí. Wọ́n tiẹ̀ ti ń bú mi tẹ́lẹ̀ pé irú fóònù wo nìyẹn."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún àwọn ará ìjọ pé mo pàṣẹ fún yìnyín náà látinú fóònù, ó sì dá mi lóhùn pé "Yes, sir." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, Dádì."

"Ó yá, gbogbo yín, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lọ jẹun."