Àwọn Ará Ìràwọ̀ Tí Wọn Ò Fún Lóhùn

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti pẹ́, irun mi ti funfun, síbẹ̀ bí mo bá rántí gbọ̀ngàn ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Òmù-Èkìtì, ó máa ń dà bí àná lójú mi.

Òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ọkùnrin kan ń gbé sinimá kiri ìlú fún ìjọba. Ó gbé àwòrán yíyà tó ń rìn wá bá wa, èyí tó pín sí apá mẹ́fà, a ó sì máa wo apá kan ní ọ̀sán Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn ará Japáànù ló yà á, pé àwọn mìíràn ló fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i. A fi ẹní bo fèrèsé kí inú gbọ̀ngàn lè ṣókùnkùn. Nítorí pé tọmọdé tàgbà ló ń wá, ọ̀gá ilé ìwé ní kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, kí n máa túmọ̀ rẹ̀.

Mi ò ní parọ́ mọ́ sinimá náà. Ó dára. Ìtàn àwọn èèyàn tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìràwọ̀ kan ni. Ẹni tó yà á mọ irin. O máa rí bí nọ́ọ̀tì ṣe ń tú, o máa rí èéfín tó ń yọ lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọbìnrin ló ń wa ọkọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ dáná. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi tí wọn kì í lanu bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan a sì parí síbi tí ọkàn ò ti lè balẹ̀, àwọn àgbẹ̀ a máa jiyàn lé e lórí lóko títí di Jímọ̀ mìíràn.

Apá kẹta ni wọ́n dé ìràwọ̀ náà, wọ́n sì bá èèyàn níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ dúdú bí èédú, ètè wọn tóbi, ẹrù ni wọ́n ń rù. Ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ wà nínú ọkọ̀ àwọn àlejò. Ẹ̀rọ náà lórúkọ, ó ń ṣàwàdà. Àwọn èèyàn yìí ò lórúkọ. Wọ́n kàn ń kùn ni: hùn, hùn.

Ìyá àgbà kan máa ń jókòó níwájú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ni àwọn yẹn wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan, Ìyá."

"Ṣé wọ́n lẹ́nu?"

"Wọ́n lẹ́nu, mà."

"Ṣé èèyàn ni wọ́n?"

Ojú tì mí bíi pé èmi ni mo yà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ìbínú ni mo fi ń nu pátákó. Ẹni tó lè ro ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, tó lè ro irin tó ń ṣàwàdà, kò lè ro èèyàn dúdú tó ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di apá kẹrin, mo fún àwọn dúdú náà lọ́rọ̀ sọ. Mi ò lo Yorùbá inú ìwé, èdè ilé wa ni mo fi sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn kùn sí ọ̀gá àwọn àlejò, mo ní, "Ulé wa rèé. Ta ló pè ọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sínú ọkọ̀, mo ní, "Uṣẹ́ tiwa ń bẹ lóko. Ẹ ru ẹrù yín fúnra yín." Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

Ìyá àgbà ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n á rí nǹkan wí."

Onísinimá gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀. "Tíṣà, èyí ò sí nínú sinimá."

"Mo mọ̀, sà. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Ọ̀gá ilé ìwé pè mí sí ọ́fíìsì. "Kọ lẹ́tà, kí o tọrọ àforíjì. Sọ pé o ṣi Gẹ̀ẹ́sì gbọ́."

Mo kọ ojú ewé méjì. Èkíní, gbogbo ohun tó dára nínú sinimá náà. Èkejì, ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí mo ṣì gbọ́, nítorí pé àwọn èèyàn náà ò sọ ọ̀kankan. Ọ̀gá kà á tán, ó ká a sí àpò.

"Sinimá ọmọdé lásán ni. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Àwọn ọmọdé ló ń wò ó, sà."

Wọ́n fi tíṣà ọkùnrin kan rọ́pò mi. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo jókòó sí nígbà apá karùn-ún. Nígbà tí àwọn dúdú náà kùn, ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan." Àgbẹ̀ kan dá a lóhùn láti ìjókòó pé, "Irọ́ ni. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n." Ẹlòmíràn ní, "Wọ́n ní ẹ máa lọ." Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń túmọ̀. Onísinimá gbé ohùn ẹ̀rọ sókè títí, pàbó ló já sí. Kò gbé apá kẹfà wá mọ́. Títí dòní, mi ò mọ bí ìtàn náà ṣe parí.

Sáà yẹn ò tíì tán tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Ìsàn-Èkìtì. Mo gba ìyẹn. Ohun tí mi ò gbà ni ti tíṣà tó rọ́pò mi. Mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ìkọ̀lé lọ́dún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ó ní òun náà rí ohun tí mo rí nígbà yẹn, òun ò kàn fẹ́ wàhálà ni. Ó ń wojú mi, ó ń retí pé kí n rẹ́rìn-ín. Mo wọ mọ́tò mi.