Ìbọn Olórí Ọdẹ

Òórùn iṣu sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ní ìgbà ọyẹ́ tí ìjọba kó sójà wá sí Kàbà. Àwọn ọkùnrin abúlé kan lẹ́yìn Ayewa ti kọ olórí agbègbè tí ìjọba fi jẹ lé wọn lórí. Wọ́n dáná sun kóòtù rẹ̀, wọ́n sì gbé ìbọn gun orí òkè lọ. Sójà kò mọ òkè yẹn, àwọn ọdẹ Bùnú ló ń ṣamọ̀nà wọn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni ògbufọ̀. Mo lọ kakí mi kó le gan-an kí n tó wọ igbó.

"Akọ̀wé, ìyàwó wo lo ń lọ gbé lórí òkè?" ni àwọn ọdẹ ń bi mí.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn, inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Olórí ọdẹ, bàbá arúgbó tó ń gbé ìbọn ṣakabùlà tí bàbá tó bí wọn fi sílẹ̀, ló máa ń bu iṣu fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọdẹ bíi tèmi ló wà lókè yẹn. Bí a bá pàdé, ilẹ̀ la ó gbé ìbọn sí ká tó bára wa sọ̀rọ̀. Bá mi sọ fún ọ̀gá yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìbọn tó bá wà nílẹ̀."

"Mo gbọ́, Bàbá."

N kò sọ. Lójú mi, ọ̀rọ̀ ará oko ni, Gẹ̀ẹ́sì mi sì ti ga ju ìyẹn lọ.

Lọ́sàn-án, bàbá gbé ìbọn sílẹ̀ lórí àpáta, wọ́n kígbe kí àwọn tó wà lókè: "Okun o."

"Okun, bàbá." Olórí àwọn tó sá náà jáde, ó gbé tirẹ̀ tì í. Àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n sì gbà láti sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ́jọ́. Ìbọn kan kò dún. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá sójà, òyìnbó kan, pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ìbọn tó wà nílẹ̀, ti bàbá pẹ̀lú. Mo wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàlàyé. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ṣáájú.

Wọ́n gba ìbọn ẹni tó ṣamọ̀nà wọn. Wọ́n de àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀. Nínú ìwé tí ọ̀gá kọ, tí mo fojú ara mi kà, ó ní ìjà làwọn sójà fi gba àwọn ìbọn náà. Kò dárúkọ ọdẹ kankan. Gbogbo èyí ni mo kọ sínú lẹ́tà ẹ̀hónú sí ìjọba, láti ayé òyìnbó títí dé ayé àwọn tiwa. Ìbọn kò padà. Àdá ni bàbá ń mú lọ sígbó títí wọ́n fi kú.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá wò mí. "Akọ̀wé, ṣé o bá mi sọ fún un?"

"Mo sọ, Bàbá. Kò gbà ni."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ mi dòní. Mo máa ń kà wọ́n. Ẹjọ́ mi tọ́ láti òkè délẹ̀; ẹnì kan péré ni n kò fi sùn nínú wọn, èmi akọ̀wé.