Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Abala Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ tó fẹ́ tún àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan tò. Abala kẹsàn-án òfin àjọ náà ló gba gbogbo okun mi. Ó ní àjọ kò gbọdọ̀ ṣe ìpinnu kankan àfi kí gbogbo orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i. Bí ẹyọ kan bá ti kọ̀, ó parí nìyẹn. Ohun tí a ń wá ni kí wọ́n yọ "gbogbo" kúrò, kí wọ́n fi "ìdá méjì nínú mẹ́ta" rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀gá mi, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ló kọ àbá náà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ẹ̀ẹ̀méje ló kọ ọ́, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèje.

Lọ́jọ́ tó yẹ kó yanjú, a pàdé pẹ̀lú àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fourways, àdúgbò kan nínú ìlú tí a ti ń ṣiṣẹ́. Alága béèrè pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni lòdì sí i?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, fóònù aṣojú kan dún, ó jáde. Ọkùnrin náà ti ń kín wa lẹ́yìn láti ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó wọlé, kò wo ojú wa. Ó nawọ́.

"Ìjọba mi kò fara mọ́ ọn."

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Nígbà tí a ń mu tíì, aṣojú náà wá bá mi. "Ẹ má bínú, màdáàmù. Èmi fúnra mi gbà á. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Mo mọ̀, sà," ni mo wí. Kò tiẹ̀ sí ìbínú lára mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi padà sí ibùgbé mi ní Bruma. Robọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, dá wa dúró, pupa rẹ̀ kò tètè yí.

"Àbúrò," ó ní, "ká tó lè mú 'gbogbo' kúrò, gbogbo wọn náà ló gbọ́dọ̀ gbà. Mi ò rí ọ̀nà àbáyọ níbẹ̀ mọ́."

"Ta ni yóò wá kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ?"

"Kì í ṣe èmi."

Ó fẹ̀yìn tì lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó padà sí Iléṣà. Èmi ni mo kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tuntun tó rọ́pò tiwa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó lé e lórí, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.