Alíkímbà Tí Mo Gé Kúrú

Mo rántí ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Àpòmù, tí òórùn epo máṣíìnì àti ti ìwé àlòkù máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Láti Ìkirè ni mo ti ń gun ọ̀kadà wá. Alhájì ni ọ̀gá mi, wọ́n sanra, wọn kì í sáàbà rẹ́rìn-ín, gbogbo àdúgbò ló sì ń bẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó bọ́tìnnì àti sípù sí, ìwé kọ́míìkì lẹ máa bá níbẹ̀ bámúbámú: àwọn akọni tó ń fò lójú ọ̀run, àwọn tó ń fi ọwọ́ kan gbé ọkọ̀ àjàgbé. Ọjà Gbọ̀ngán ni wọ́n ti ń ṣa àwọn ìwé náà jọ.

Bí iná bá lọ tí iṣẹ́ dúró, wọ́n á ju ọ̀kan sí mi. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ sọ èrò rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọ̀gá bá ti mọ́ṣáláṣí dé. Kí n kàn ní “ó dùn” kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó mú un dùn.

Ìwé kan wà nípa obìnrin kan tí mànàmáná kọ lù, tó sì hu ìyẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ọ̀gá ní ìtàn náà dáa, àmọ́ aṣọ funfun báláú ló wọ̀, inú ẹrẹ̀ ló sì ti ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Ta ló ń bá a fọ̀ ọ́?” Ti ọmọbìnrin kan tó máa ń pòórá, tí mo rò pé kò sí irú rẹ̀ mọ́, wọn ò gbà á gbọ́ rárá. “Òun pòórá, mo gbọ́. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà lágbára ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́.

Kéèpù ló wá dá ìjà sílẹ̀, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tí àwọn akọni ń so mọ́ ọrùn. Èmi ní tó bá gùn jù, igi á kọ́ ọ, ọ̀tá á sì fà á. Ìbàdí ló yẹ kó mọ. Ọ̀gá ní kéèpù tí kò bá kan ẹsẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ ni. Jímọ̀ mẹ́ta la fi jà á. Mo gbọ́n gan-an lójú ara mi nígbà yẹn.

Ó ku oṣù kan kí n gba fírídọ́ọ̀mù, ìyá mi sì ti ń ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Òfin ọ̀gá ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́ máa lo oṣù mẹ́fà sí i. Ìgbà yẹn ni ìyá kan tó ń ta ẹja Aṣéjírè gbé aṣọ funfun wá. Ọmọ wọn obìnrin ti parí Kùránì, ó fẹ́ ṣe wòlímọ̀, wọ́n sì fẹ́ ká rán alíkímbà fún un, ẹ̀wù ńlá tí àwọn àlùfáà ń gbé kọ́ èjìká. Ọ̀gá ń lọ kí àwọn àna wọn ní Aráròmí-Òwu, wọ́n ní kí n gé e. Mo ronú nípa ọmọ náà, tó tín-ín-rín, tí kì í rìn, eré ló máa ń sá. Mo ní tó bá gun pèpéle lọ́jọ́ náà, aṣọ yìí á gbé e ṣubú. Mo gé e mọ ìbàdí. Inú mi dùn bíi pé mo ti gba ayé là.

Nígbà tí ìyá náà àti ọmọ wọn wá gbà á, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún.

“Ìyókù rẹ̀ dà?”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé kó má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni.”

“Ta ló ní ó máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀? Ọdún mẹ́rin lọmọ yìí fi kéwú!”

Ọmọ náà kò pariwo. Ó kàn di aṣọ náà mú, omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. “Gbogbo àwọn tó kù ló máa wọ gígùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun.

A ò mọ̀ pé ọ̀gá ti dé, wọ́n ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n bẹ ìyá náà, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mú àrán àwọ̀ ewé tí wọ́n ti tọ́jú fún ara wọn jáde, wọ́n gé e. A jọ so ó mọ́ ìsàlẹ̀ alíkímbà náà, a fi òwú wúrà bo ojú ìránṣọ, ó di ìrun Mọ̀gàríbì ká tó parí. Mo ti ń ka oṣù mẹ́fà nínú ọkàn mi kí ọ̀gá tó lanu.

“Ẹni tí kò bìkítà ni mo ń fi oṣù mẹ́fà jẹ níyà. Ìwọ rò ó kí o tó gé e. Àmọ́ o ò bi ẹni tó máa wọ̀ ọ́.”

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọmọ náà gun pèpéle, àrán náà ń wọ́ tẹ̀lé e. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ojú ló wà lára òun, ó sì kéwú láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ sunkún, èmi náà sunkún. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún ọ̀gá pé wọ́n jàre, kéèpù gígùn ló dáa.

Wọ́n wúkọ́. “Èmi náà ti tún un rò. Ṣé o rí bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀? Kúkurú ló dáa.” La bá tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gba fírídọ́ọ̀mù mi lásìkò. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkirè báyìí, orí fóònù ni mo sì ti ń ka kọ́míìkì. Ojú ọ̀gá ò ríran ka lẹ́tà kéékèèké mọ́, nítorí náà mo máa ń lọ sí Àpòmù lọ ka tuntun fún wọn, mo sì ń ṣàpèjúwe àwòrán rẹ̀. A ṣì ń jiyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kọ́ mi ní nǹkan kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nílé, níléèwé àti ní ilé kéwú. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó bi mí rí pé kí ni mo rò.